Ṣé kí n mú ìyá mi gun Olúmọ, àbí páànù lásán la máa lọ wò?

Ọmọlójú_Ìyá (Ajé, 7:42 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ìyá mi pé ọmọ ọdún 67 lóṣù tó kọjá. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kí n fi ṣàjọyọ̀, wọ́n ní kí n mú àwọn gun Olúmọ. Ẹ ò rí nǹkan! Abẹ́òkúta ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti lo ọdún mẹ́rìnlá kí wọ́n tó kó lọ sí Èkó, wọn ò sì gun àpáta yẹn rí. Wọ́n ní ibi òrìṣà ni bàbá àwọn kà á sí, kò jẹ́ káwọn súnmọ́ ọn.

Èmi ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Iléèwé wa ló kó wa lọ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 13. Kí n má parọ́ fún yín, mo gòkè, mo wolẹ̀, páànù orí ilé tó dípẹtà ni mo rí lọ súà, mo sọ̀kalẹ̀, mo lọ wá omi mu. Ohun tí mo rántí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Orúnkún ọ̀tún wọn máa ń dùn wọ́n. Ṣé wọ́n á lè gùn ún? Ṣé ká kàn wọ lífíìtì ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa ń lọ ní àlọtúnlọ, kí lẹ̀ ń rí níbẹ̀ gan-an? Sátidé tó ń bọ̀ la fẹ́ lọ.

Ẹsẹ̀_Ò_Gbélé (Ajé, 8:05 àárọ̀)

Àbúrò, wọ́n á gùn ún. Mo ti rí àwọn ìyá tó ju tìrẹ lọ lọ́jọ́ orí tí wọ́n wọ ìró àti bùbá gòkè, tí wọ́n tún dúró lókè tí wọ́n ń fi èmi tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀kan ni àtẹ̀gùn tí wọ́n kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lífíìtì, ó ní irin tí èèyàn lè dì mú. Ìkejì ni ọ̀nà àtijọ́ tó gba àárín àwọn àpáta kọjá. Ibì kan wà níbẹ̀ tó há débi pé ẹni tó bá sanra á ní láti fẹ̀gbẹ́ wọ̀ ọ́. Èmi fẹ́ràn tàtijọ́ yẹn jù, torí ibẹ̀ lèèyàn ti máa ń mọ̀ ọ́n lára pé òun ń gun nǹkan. Àmọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, má mú ìyá rẹ gba ibẹ̀. Òkúta tó tutù kì í bẹ̀rù àgbà.

Gbọ́ èyí dáadáa: kì í ṣe gígùn ló ń fìyà jẹ orúnkún, sísọ̀kalẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá máa lo lífíìtì rárá, ẹ fẹsẹ̀ gòkè, kẹ́ ẹ fi lífíìtì sọ̀kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ṣe é lódìkejì, tí wọ́n á wá máa ráhùn lọ́jọ́ kejì.

Ìyá_Bọ́lá (Ajé, 9:30 àárọ̀)

Ọmọ mi, èmi náà ń gbé orúnkún tó ń dùn kiri, mo sì gun Olúmọ lọ́dún tó kọjá. Obìnrin tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ mi nílé ìwòsàn ló kọ́ mi ní nǹkan kan tí n kò gbàgbé: tó o bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tó dá ni kó ṣíwájú, tó o bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń dùn ni kó ṣíwájú. Ẹsẹ̀ tó dá ló máa ń ṣiṣẹ́ agbára ní ìgbà méjèèjì. Lórí àtẹ̀gùn ilé ni kó o ti kọ́ wọn kí ọjọ́ tó pé, má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dé ẹsẹ̀ àpáta.

Ọ̀pá ìtilẹ̀ dára, àmọ́ ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní rọ́bà. Tí kò bá ní, á máa yọ̀ lórí òkúta. Bàtà wọn náà ńkọ́? Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n wọ sílípáàsì. Mo mọ àwa ìyá, a máa ń sọ pé “ibẹ̀ ò kúkú jìnnà.”

Kò sì sí ẹni tó ń lé yín. Ẹ jókòó, ẹ sinmi, ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀.

Ará_Ìdáńrè (Ajé, 10:11 àárọ̀)

Ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ òkúta kékeré yín. Ẹ̀yin ń pe Olúmọ ní òkè? Àtẹ̀gùn tiwa nìkan lé ní ẹgbẹ̀ta, kó tó di pé o bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí òkè gan-an! Ìgbà tó o bá dé orí òkè Ìdáńrè lo máa tó bá ìlú àtijọ́ pàdé, ààfin Ọwá pẹ̀lú àwọn òpó gbígbẹ́ rẹ̀, iléèwé, ilé ẹjọ́. Odindi ìlú ló wà lókè yẹn.

Ẹ máa gbádùn àtẹ̀gùn yín o.

Ẹsẹ̀_Ò_Gbélé (Ajé, 10:19 àárọ̀)

@Ará_Ìdáńrè, a ti mọ̀ pé o máa yọjú. Mo ti gun tiyín, mo kí yín, òkè ni. Àmọ́ ìyá ẹni ọdún 67 tí orúnkún ń dùn, ṣé àtẹ̀gùn ẹgbẹ̀ta ló kàn án? Láfikún, àwọn bàbá ńlá yín sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá kọ́ ìlú sísàlẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá ní tiwọn sá wá sábẹ́ àpáta. Bẹ́ ẹ ṣe ń wo ìlú yín kò lè rí bákan náà.

Ará_Ìdáńrè (Ajé, 10:24 àárọ̀)

Èyí tó o sọ yẹn gún régé. Mo panu mọ́. (Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.)

Òkúta_Niṣẹ́_Mi (Ajé, 1:15 ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa òkúta sọ díẹ̀. Mítà 137 tí wọ́n máa ń kọ fún Olúmọ, láti ojú òkun ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe láti ẹsẹ̀ àpáta. Ilẹ̀ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ ti ga ju ojú òkun lọ dáadáa kó o tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà ohun tí ìyá yín máa gùn kéré sí iye yẹn gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má fi 137 dẹ́rù bà wọ́n.

Gíránáìtì ni. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti tutù tó dì, kó tó di pé òjò àti oòrùn kó ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ fún ọdún tí kò lóǹkà. Bí ẹrù tó wà lórí rẹ̀ ṣe ń fúyẹ́ ni ojú òkúta ń bó, ìpele kan lẹ́yìn ìkejì, bí ẹni bó àlùbọ́sà. Ìdí nìyẹn tí orí rẹ̀ fi rí rogodo. Ìdí nìyẹn náà tí ẹ fi máa rí àwọn pẹlẹbẹ òkúta tó dá dúró lórí ara wọn bíi pé ẹnì kan tò wọ́n. Àwọn ibi tí òjò ti ń ṣàn kọjá máa ń dúdú. Nǹkan tíntìntín tó ń hù lára òkúta ló fa dúdú yẹn, ó sì máa ń yọ̀ bí ọṣẹ tí omi bá ti kàn án. Ẹ tẹ ibi tó funfun tàbí tó pọ́n.

Kámẹ́rà_Lọ́wọ́ (Ajé, 6:48 ìrọ̀lẹ́)

Ọmọlójú, mo bi ẹ́ ná: aago mélòó ni iléèwé kó yín débẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Mo lè fi orí mi ta á pé ọ̀sán gangan ni. Ní aago méjìlá, oòrùn wà ní àtàrí, òjìji ò sí, gbogbo páànù á kàn jọ ara wọn, á rí bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Òkúta náà á ti gbóná débi tó o fi máa ronú ilé.

Lọ láàárọ̀, ní kété tí wọ́n bá ti ń gba èèyàn wọlé, tàbí kó o lọ nígbà tí oòrùn bá ti ń rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ á wá láti ẹ̀gbẹ́, orí ilé kọ̀ọ̀kan á ní òjìji tirẹ̀, wàá lè mọ èyí tó jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, wàá rí àwọn àpáta kéékèèké tó ń yọrí láàárín ilé. Mi ò tíì rí ìlú míì tó jẹ́ pé ilé àti òkúta jọ ń du ilẹ̀ bí Abẹ́òkúta.

Ọ̀rọ̀ àsìkò náà ṣe pàtàkì. Tí ọyẹ́ bá mú, kò sí ohun tó o máa rí ju eruku lọ; ibi tí ojú dé kò ní ju àdúgbò mélòó kan. Ọjọ́ kejì òjò ńlá ló dára jù, nígbà tí òjò ti fọ ojú ọ̀run tí òkúta sì ti gbẹ.

Nǹkan kan péré ni mo fi ń bẹ gbogbo yín: ẹ má fi ẹ̀yìn rìn lọ sétí àpáta nítorí fọ́tò. Mo ti dá èèyàn méjì dúró fúnra mi.

Bàbá_Ìtókò (Ìṣẹ́gun, 5:20 àárọ̀)

Ọmọ mi Ọmọlójú, mo fẹ́ dákẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ páànù yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Páànù kọ́ lo wò lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ìlú tó ti parẹ́ lo wò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún ọ.

Kó tó di ọdún 1830, àwọn Ẹ̀gbá kò gbé ibi tí wọ́n wà lónìí. Inú igbó Ẹ̀gbá ni wọ́n wà, ní àwọn ìlú kéékèèké tó pọ̀ jaburata, olúkúlùkù pẹ̀lú olórí tirẹ̀. Ogun Òwu ló ràn dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ dó ti Òwu, Ìkìjà, ìlú Ẹ̀gbá kan, ń gbé oúnjẹ fún àwọn tó wà nínú odi. Bí Òwu ṣe fọ́ tán, Ìkìjà ni wọ́n kọjú sí, wọ́n sì tú u. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú ìlú Ẹ̀gbá lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ṣẹ́kù bá àwọn ọmọ ogun yẹn gbé ní Ìbàdàn fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ kò rọgbọ, ni Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, bá kó wọn jáde wá sábẹ́ àpáta yìí. Oko ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Adágbá, ọmọ Ìtókò tiwa, ló ń dáko síbẹ̀. Ìdí rèé tí àwọn àgbà fi ń pe Abẹ́òkúta ní Oko Adágbá. (Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn yangàn díẹ̀.)

Wàyí o, nígbà tí wọ́n dé, wọn kò da ara wọn pọ̀ bí àdàlú. Olúkúlùkù dó sọ́tọ̀ pẹ̀lú àwọn ará ìlú rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ìlú tó ti jó sọ ibi tuntun. Aké, Ìkìjà, Ìjẹmọ̀, Ìporò, Kéǹta, Ìtókò. Lónìí, ẹnu ọlọ́kadà lo ti máa ń gbọ́ wọn, ó máa dà bí orúkọ òpópónà. Ìlú ni wọ́n. Tó o bá dúró lórí Olúmọ tó o sì yí ojú rẹ ká, ilẹ̀ Ẹ̀gbá àtijọ́ ni wọ́n ká jọ síbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ká aṣọ sínú àpótí. Olúmọ gan-an, Ìkìjà ló wà, àdúgbò àwọn tí ìlú wọn fọ́ nítorí pé wọ́n gbé oúnjẹ fún aládùúgbò.

Bó o ṣe máa wò ó rèé. Kọ́kọ́ wá odò Ògùn lọ́wọ́ ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀nà ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ọba Dàhọ̀mì gbà wá jà ní 1851, tí wọ́n sì tún padà wá ní 1864. Ìgbà méjèèjì ni wọ́n lé wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, wá Mọ́ṣáláṣí ńlá Kóbítì. Wá ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké, ti ìjọ tí àwọn míṣọ́nnárì Townsend àti Crowther bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dé ìlú ní 1846. Tó o bá ti di àwọn mẹ́ta yẹn mú, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń mú yín gòkè pé àdúgbò wo ló wà láàárín wọn. Jẹ́ kí ìyá rẹ dá a lóhùn kí òun tó dáhùn. Wàá gbọ́ nǹkan.

Ọmọ_Òwu (Ìṣẹ́gun, 8:02 àárọ̀)

Bàbá, ẹ kú ọpọlọ pípé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi kún un kí àwọn èwe má baà rò pé ọjọ́ kan náà ni gbogbo wa dé. Àwa Òwu dé lẹ́yìn, ní nǹkan bí 1834. Ìlú wa ló kọ́kọ́ fọ́, àmọ́ àwa la dé gbẹ̀yìn. Tó o bá wà lókè, tó o rí àdúgbò Òwu, rántí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n di ẹrù.

Tí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ wo ihò àpáta tí àwọn èèyàn sá sí lákòókò ogun, ẹ má kàn yọjú lásán. Ẹ wọlé, ẹ tẹ̀ ba. Ẹ wo àwọn ojú ihò kéékèèké tó wà nílẹ̀ òkúta, ibẹ̀ ni wọ́n ní àwọn obìnrin ti ń lọ oúnjẹ. Èmi fi ọwọ́ mi bọ ọ̀kan, ó ń dán bí inú àwo.

Ìdí_Orúkọ (Ìṣẹ́gun, 8:40 àárọ̀)

Kí ni ìtumọ̀ “Olúmọ” gan-an? Wọ́n sọ fún mi pé “Olúwa ló mọ ọ́n.” Ẹlòmíì ní “Olú fi ìṣẹ́ wa mọ síbí.”

Bàbá_Ìtókò (Ìṣẹ́gun, 9:15 àárọ̀)

Méjèèjì ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà. Èyí tó jẹ́ ti mímọ mọ́ òkúta lára, èyí tó jẹ́ ti ìṣẹ́ tó mọ síbẹ̀ mọ́ àwọn tó sá wá lára. N kò ní dá ẹjọ́.

Ọmọlójú_Ìyá (Ìṣẹ́gun, 9:50 alẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá sókè fún màmá mi lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ lọ bíi pé íntánẹ́ẹ̀tì ti já. Nígbà tó yá wọ́n ní, “Ìporò ni ilé bàbá mi.” Mi ò mọ̀ rí! Gbogbo ọjọ́ ayé mi, “Abẹ́òkúta” ni mo ń sọ tí wọ́n bá bi mí.

Ìbéèrè kan ló kù. Màmá jẹ́ ọmọ ìjọ tó ń fi ọwọ́ líle mú ọ̀rọ̀ òrìṣà. Ojúbọ wà lójú ọ̀nà, àbí?

Ìyá_Bọ́lá (Ìṣẹ́gun, 10:12 alẹ́)

Ó wà, o máa rí ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ kò sì ní láti wọbẹ̀. Ẹ kí àwọn ìyá àgbà tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀ bí ọmọlúàbí ṣe ń kí àgbà, ẹ kọjá. Ìkíni kì í ṣe ìbọ. Ẹ má sì ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò láì tọrọ àyè. Èmi náà ọmọ ìjọ ni, kò sí nǹkan tó gé mi jẹ.

Ẹsẹ̀_Ò_Gbélé (Ẹtì, 7:30 alẹ́)

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án yìí, ó sì ti dá. Ọ̀la á mọ́ kedere. Àtẹ̀gùn tó ní irin ni kẹ́ ẹ gbà o, má jẹ́ kí n tún un sọ.

Ọmọlójú_Ìyá (Àìkú, 4:05 ọ̀sán)

A ti dé! Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ la bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ẹsẹ̀ tó dá ṣíwájú, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Bọ́lá ṣe sọ. A sinmi lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ìsinmi kẹta wọ́n ní kí n lọ nìkan, kí n wá sọ ohun tí mo bá rí fáwọn. Mo ní rárá. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú wa gòkè ní, “Ìyá, ó ku díẹ̀.” Irọ́ ni, kò ku díẹ̀ rárá, àmọ́ wọ́n dìde.

Nígbà tá a dé orí, wọn ò wo ìlú. Wọ́n jókòó sórí òkúta, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n ń nu òógùn. Mo ti ń rò ó lọ́kàn pé páànù ló tún máa já sí. Mo wá rántí ohun tí Bàbá ní kí n ṣe. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé àdúgbò wo ló wà lápá ibi tí Kóbítì wà. Kó tó la ẹnu, màmá mi ti dìde. Wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá ìtilẹ̀ nà sí ibí, nà sí ọ̀hún: ibi tí àwọn ti ń pọn omi, ọ̀nà iléèwé, ilé ẹni tó fẹ́ fẹ́ àwọn tí bàbá àwọn kọ̀ fún (mi ò gbọ́ ìyẹn náà rí!). Wọ́n ṣàṣìṣe níbi méjì, ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún un ṣe, wọ́n sì bá a jiyàn.

Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, tí àwọn bá ń gbálẹ̀ àgbàlá láàárọ̀, àwọn máa ń wòkè, àwọn á rí àwọn èèyàn kéékèèké lórí àpáta tí wọ́n ń rìn kiri. Bàbá àwọn sì ti sọ pé ibi òrìṣà ni, nítorí náà àwọn rò pé àwọn òrìṣà nìyẹn. Àwọn á sáré wọlé.

Wọ́n dúró fún bí ìṣẹ́jú kan. Wọ́n wá na ọwọ́ sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí ìsàlẹ̀, sí àárín àwọn páànù yẹn. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń juwọ́ sí. Wọ́n ní, “Tí ọmọ kan bá ń gbálẹ̀.”

Sísọ̀kalẹ̀ le díẹ̀, àmọ́ orúnkún ò wú. Kámẹ́rà_Lọ́wọ́, òótọ́ lo sọ nípa ìmọ́lẹ̀ àárọ̀. Fọ́tò mẹ́ta ni mo yà péré, torí ọ̀rọ̀ ni mò ń gbọ́.

Bàbá_Ìtókò (Àìkú, 4:40 ọ̀sán)

Bá mi kí wọn. Kí wọ́n sọ fún mi orúkọ agbo ilé wọn ní Ìporò. Ó ṣeé ṣe kí n mọ ẹni tó fẹ́ fẹ́ wọn yẹn.

Ará_Ìdáńrè (Àìkú, 4:52 ọ̀sán)

Màmá ti di agungókè! Ìdáńrè ló kàn.

Ọmọlójú_Ìyá (Àìkú, 5:01 ìrọ̀lẹ́)

Mo kà á fún wọn. Wọ́n ní ọjọ́ wo?

Ìyá_Bọ́lá (Àìkú, 5:03 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ jẹ́ kí orúnkún sinmi ná!